Àtisọ Píkọ́ọ̀pù Túùwíìlì Di Fọ́ọ̀wíìlì Lẹ́yìnkùlé

Ní àwọn ìlú kékeré tó wà lẹ́bàá òkè ní Colorado tàbí Oregon, kò ṣòro láti rí ilé tí píkọ́ọ̀pù Toyota méjì dúró sí lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ọ̀kan ṣì ń rìn. Èkejì jókòó lórí igi, kò ní táyà, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, koríko ti ń gba àárín ṣẹ́sì rẹ̀ jáde. Àwọn aládùúgbò lè máa rò pé ọ̀lẹ ni onílé, pé kò rójú kó pàǹtírí rẹ̀ dànù. Rárá o. Ó ń tú èkejì ni, kó lè fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ èkíní di fọ́ọ̀wíìlì. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òpin ọ̀sẹ̀ méjì lòun máa fi ṣe é. Ìyàwó kò gbà á gbọ́, ìyàwó ò sì jẹ̀bi.

Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀, torí pé ìbéèrè tó bí i kò mọ sí Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi píkọ́ọ̀pù túùwíìlì lọ kó kòkó lábúlé kan ní Oǹdó nígbà tí òjò ń rọ̀ lárọ̀ọ̀dá, tó rí bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń yí lójú kan nínú ẹrẹ̀ tí táyà iwájú sì kàn ń wòran, ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé: ṣé kò ṣeé ṣe kí tiwájú náà ràn án lọ́wọ́ ni? Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè kò yẹ kí wọ́n dán an wò. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀.

Nínú túùwíìlì, agbára tó jáde lára ẹ́ńjìnnì á gba inú gíàbọ́ọ̀sì, á bọ́ sára pùrọ̀pẹ́là, irin gbọọrọ tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀, á sì dé difẹrẹ́ńṣà tó wà láàárín áàsù ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló ti pín sí táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Táyà iwájú kò bá ẹ́ńjìnnì da nǹkan kan pọ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n yà sọ́tùn-ún sósì, kí wọ́n sì gbé ẹrù. Ti fọ́ọ̀wíìlì yàtọ̀. Àpótí irin mìíràn wà lẹ́yìn gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀, tíránsífà, òun ló ń gba agbára náà tó ń fi apá kan ránṣẹ́ sẹ́yìn, apá kan síwájú. Pùrọ̀pẹ́là kejì á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá lọ bá difẹrẹ́ńṣà iwájú.

Ibi tí iṣẹ́ ti le gan-an ni ìkángun áàsù iwájú. Táyà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba agbára lásìkò kan náà tó ń yà. Ọ̀pá tó lè tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, kó sì máa yí lọ geere láìta gìrì, kò rọrùn láti ṣe. Ọdún 1926 ni Alfred Rzeppa, ẹnjiníà kan nílé-iṣẹ́ Ford, gbé irú oríkèé bẹ́ẹ̀ jáde, tó fi bọ́ọ̀lù irin sáàárín agolo méjì tí wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà sí lára. Ìran oríkèé yẹn ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní CV joint lónìí. 

Ẹ wá rí i pé ẹni tó rò pé pùrọ̀pẹ́là kan péré ló kù kí túùwíìlì òun fi di fọ́ọ̀wíìlì kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Yóò wá tíránsífà, yóò wá gíàbọ́ọ̀sì tó bá a mu, pùrọ̀pẹ́là méjì tí gígùn wọn pé, áàsù iwájú odindi, sípíríǹgì tiwájú, ibi tí sípíríǹgì máa so rọ̀ sí lára ṣẹ́sì, sítíárì, hósì bíréèkì, àti nǹkan mìíràn tí kò ní rántí àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá ti wà nílẹ̀ ní túútú.

Àwọn baba ńlá irú iṣẹ́ yìí kò jìyà tó báyìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ píkọ́ọ̀pù Ford tàbí Chevrolet tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń wa ilẹ̀ máa ra túùwíìlì, á sì wá ẹni tó máa yí i padà. Marmon-Herrington ní Indianapolis, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931, bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ Ford padà láti 1935. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ NAPCO ní Minneapolis kó gbogbo ohun èlò náà jọ, wọ́n fún un lórúkọ, Powr-Pak, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ní Chevrolet àti GMC. Áàsù iwájú, tíránsífà, pùrọ̀pẹ́là, ohun tí wọ́n fi ń de gbogbo rẹ̀ mọ́ra, kò sí èyí tó kù. Ó tà débi pé GMC fúnra rẹ̀ ń fi í sínú ọkọ̀ tuntun láti 1956, Chevrolet sì tẹ̀lé e ní 1957.

Kì í ṣe pé àwọn ará ìgbà yẹn mọṣẹ́ ju tòní lọ. Ọkọ̀ ìgbà yẹn ló gbà bẹ́ẹ̀. Iwájú píkọ́ọ̀pù túùwíìlì Chevrolet nígbà náà, irin gbọọrọ kan ló dábùú abẹ́ rẹ̀ láti táyà dé táyà, orí sípíríǹgì aláwẹ́ ló sì jókòó sí. Ẹni tó bá tú irin yẹn kúrò, tó gbé áàsù tó ní difẹrẹ́ńṣà sí àyè rẹ̀, ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Nígbà tó di 1960, General Motors yí iwájú túùwíìlì padà: táyà kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí apá irin tirẹ̀, kí ọkọ̀ má baà máa ta èèyàn. Ọkọ̀ náà rọ̀ lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ìsàlẹ̀ túùwíìlì àti ti fọ́ọ̀wíìlì ti pínyà, tí iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ sì di iṣẹ́ oṣù.

Ní tiwa, ọkọ̀ tó sún mọ́ ìtàn yìí jù lọ ni Peugeot 504. Gbogbo ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún ló mọ̀ ọ́n, bóyá ó wọ̀ ọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Iléṣà ni o, tàbí ó rí èyí tó ní bọ́dì ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń kó iṣu. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé 504 fọ́ọ̀wíìlì wà. Peugeot kọ́ ló ṣe é. Henry Dangel ni, ará Alsace ní ilẹ̀ Faransé, tó kọ́kọ́ fi í han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Paris ní 1980. Ó gbé ọkọ̀ náà ga sókè, ó fi tíránsífà àti difẹrẹ́ńṣà iwájú sí i. Èèyàn tó ní ilé-iṣẹ́, ohun èlò àti òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ló jókòó ṣe èyí. Ó dáa kí ẹni tó ní jáàkì kan àti gíráíǹdà kan máa rántí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àwọn tó ń ṣe é nílé pọ̀ ní Amẹ́ríkà, Toyota sì ni ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn jù. Hilux jáde ní 1968, ìgbà tó di 1979 ni wọ́n tó ṣe ti fọ́ọ̀wíìlì. Ní Amẹ́ríkà, wọn ò pè é ní Hilux nígbà náà mọ́, píkọ́ọ̀pù Toyota lásán ni. Láti 1979 dé 1985, áàsù iwájú rẹ̀ jẹ́ irin kan ṣoṣo tó dábùú, lórí sípíríǹgì aláwẹ́, bí ti ẹ̀yìn. Ní 1986, Toyota fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní èyí tí táyà iwájú rẹ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ Hilux tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà àti Ọsirélíà ṣì ń gbé áàsù gbọọrọ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Áàsù yìí ni gbogbo wọn ń wá. Ó lágbára, ó rọrùn láti tún ṣe, bọ́ọ̀tù díẹ̀ ló sì dè é mọ́ ọkọ̀.

Ká ní ẹnì kan ní túùwíìlì 1984, ó sì ti rí fọ́ọ̀wíìlì ọdún kan náà rà, èyí tí wọ́n fọ́ lẹ́yìn. Fọ́ọ̀wíìlì tí wọ́n fọ́ níwájú ò wúlò fún un, torí ibi tí ohun tó ń wá wà nìyẹn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti gé iwájú túùwíìlì kúrò: apá irin òkè, apá irin ìsàlẹ̀, àti ọ̀pá tó ń lọ́ láti ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì. Gígé yìí kì í ṣe ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Irin tó ń gé náà wà lára ṣẹ́sì, bí ó bá gé jù, ó ti gé egungun ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jó ìdè sípíríǹgì tuntun mọ́ ọn. Bí ìdè ọ̀tún bá fi ìka kan síwájú ti òsì, áàsù á jókòó ní wíwọ́, ọkọ̀ á sì máa fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà títí ayé. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á tún un wọ̀n, kí wẹ́dà tó tan iná.

Nígbà tí áàsù bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ á ga. Hósì bíréèkì tó wà lára rẹ̀ á kúrú. Sítíárì túùwíìlì kò ní lè dé ibi tó ń lọ, wọ́n ní láti gbé àpótí sítíárì fọ́ọ̀wíìlì wá, kí wọ́n sì fi irin kún ṣẹ́sì níbi tó máa jókòó sí. Ẹni tó bá gba ọ̀nà àbùjá níbí yìí, tó fi ọ̀pá sítíárì sí ìtẹ̀sí tí kò yẹ, á rí i pé bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, sítíárì á fúnra rẹ̀ yà. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, bíréèkì àti sítíárì ni mi ò ní gbà kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ dá ṣe. Èyí tó kù, bí kò bá dára, ọkọ̀ ò ní rìn. Méjì yìí, bí wọn ò bá dára, ọkọ̀ á rìn, á sì pààyàn.

Àwo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà wà níbẹ̀. Difẹrẹ́ńṣà iwájú wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì gan-an, nígbà tí sípíríǹgì bá tẹ̀, ó ń bọ̀ lókè. Èyí ni Toyota fi ṣe àwo ọ́ìlì ti fọ́ọ̀wíìlì ní ìrísí tó yàtọ̀ sí ti túùwíìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì 22R kan náà ló wà lókè. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀ lè gbọ́ ìró rẹ̀ ní kòtò àkọ́kọ́.

Ti gíàbọ́ọ̀sì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìn gíàbọ́ọ̀sì túùwíìlì gùn, ó sì parí síbi tí pùrọ̀pẹ́là ti wọ inú rẹ̀. Ti fọ́ọ̀wíìlì kúrú, tíránsífà ló wà ní ìdí rẹ̀. Àwọn kan máa ń tú gíàbọ́ọ̀sì wọn láti pààrọ̀ ọ̀pá inú rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Mi ò rí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ẹ gbé gíàbọ́ọ̀sì àti tíránsífà papọ̀ láti ara ọkọ̀ kan náà, ẹ lu ihò fún lífà rẹ̀ nílẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ sì gé pùrọ̀pẹ́là ẹ̀yìn kúrú níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, tí wọ́n sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ó ń yí láìgbọ̀n.

Èrè tíránsífà kò sì mọ sí pé ó ń pín agbára. Ó ní gíà kékeré tirẹ̀. Nínú tíránsífà Toyota ìgbà náà, gíà yìí jẹ́ 2.28. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀: gíà kíní nínú gíàbọ́ọ̀sì W56 jẹ́ 3.95, difẹrẹ́ńṣà jẹ́ 4.10. Láìfi gíà kékeré sí i, ẹ́ńjìnnì á yí nǹkan bí ìgbà 16 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi sí i, ó di nǹkan bí ìgbà 37. Ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré á wá máa rọra fà gun òkuta, awakọ̀ ò sì ní sun klọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo fọ́ọ̀wíìlì, gíà kékeré yìí gan-an ni wọ́n nílò, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Mo wá dé ibi tó ti ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́: nọ́ńbà difẹrẹ́ńṣà. Difẹrẹ́ńṣà kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tí pùrọ̀pẹ́là máa yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí eyín gíà ńlá inú rẹ̀ bá jẹ́ 41, tí ti kékeré jẹ́ 10, nọ́ńbà rẹ̀ ni 4.10. Túùwíìlì sábà máa ń ní nọ́ńbà tó kéré sí ti fọ́ọ̀wíìlì, torí pé ó fúyẹ́, orí ọ̀dà ló sì ń rìn. Ká ní ti ẹ̀yìn tó wà lára túùwíìlì jẹ́ 3.42, áàsù iwájú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sì jẹ́ 4.10. Tíránsífà ń yí pùrọ̀pẹ́là méjèèjì bákan náà. Bí àwọn pùrọ̀pẹ́là bá yí ní ìgbà 1,000, táyà ẹ̀yìn á fẹ́ yí ní ìgbà 292, tiwájú á fẹ́ yí ní ìgbà 244. Ẹ̀yìn ń sáré, iwájú ń fà á sẹ́yìn, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì jọ wà. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀, ìjà náà á rọlẹ̀. Lórí ọ̀dà, kò sí ibi tí wọ́n máa yọ̀ sí. Nǹkan kan á fọ́: eyín gíà, ọ̀pá áàsù, tàbí tíránsífà fúnra rẹ̀.

Ó sì rọrùn láti mọ nọ́ńbà yìí kí owó tó jáde lápò. Ẹ fi nǹkan dá táyà iwájú dúró, ẹ fi gíà sí ọ̀fẹ́, ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo kúrò nílẹ̀, kí ìkejì wà nílẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí pùrọ̀pẹ́là. Kí ẹnì kan yí táyà tó wà lókè yípo lẹ́ẹ̀mejì gééré, kí ẹlòmíràn máa ka pùrọ̀pẹ́là. Iye tó bá yí ni nọ́ńbà difẹrẹ́ńṣà. Bí ó bá lé díẹ̀ ní mẹ́rin, 4.10 ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Bí kò bá tó mẹ́rin, ẹ tún un kà kó lè dá yín lójú. 

Lára Toyota, ọgbọ́n tó dáa jù ni kí èèyàn gbé áàsù méjèèjì láti ara ọkọ̀ kan náà. Nọ́ńbà wọn á bára mu, wàhálà mìíràn náà á sì tán: nọ́ọ̀tì márùn-ún ló ń de táyà túùwíìlì, mẹ́fà ló ń de ti fọ́ọ̀wíìlì. Ẹni tó pààrọ̀ tiwájú nìkan á ní láti máa gbé sípéà táyà méjì kiri.

Bí nọ́ńbà méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba, irú fọ́ọ̀wíìlì yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi rìn lórí ọ̀dà gbígbẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà, táyà iwájú ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, kò sì sí difẹrẹ́ńṣà láàárín méjèèjì tó máa yanjú rẹ̀. Lífà tíránsífà ló ń já iwájú sílẹ̀ títí ẹrẹ̀ á fi dé. Àmọ́ bí wọ́n bá já a tán náà, táyà iwájú á ṣì máa yí ọ̀pá áàsù àti pùrọ̀pẹ́là rẹ̀ lásán, epo á máa jó, irin á máa gbó. Èyí ló mú kí Arthur Warn, tó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Seattle ní 1948, máa ta họ́ọ̀bù tí wọ́n lè fọwọ́ tì tàbí ṣí fún àwọn tó ra jíìpù lẹ́yìn ogun. Bí wọ́n bá ṣí i, táyà á máa yí lọ́tọ̀, gbogbo irin inú á sinmi. Irú họ́ọ̀bù yìí ló mú kí awakọ̀ fọ́ọ̀wíìlì àtijọ́ máa sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lọ yí nǹkan níwájú táyà.

Kí n tó kúrò nídìí iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ààbò kan: ẹni tó bá ń jó irin lára ọkọ̀ kó kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì, kó gbé tàǹkì epo jìnnà. Jáàkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ìdúró irin ni kó fi gbé ọkọ̀ náà, kó sì tì í kó rí i pé kò mì kó tó ti orí wọ abẹ́ rẹ̀. Gíàbọ́ọ̀sì pẹ̀lú tíránsífà lára rẹ̀ wúwo ju ohun tí ẹnì kan lè fi àyà gbà lọ.

Ọkọ̀ kan wà tó mú iṣẹ́ yìí rọrùn díẹ̀. Nígbà tí ọdún 1998 ń bọ̀, Toyota gbé Tacoma kan jáde ní Amẹ́ríkà, ó pè é ní PreRunner. Túùwíìlì ni, àmọ́ ó ga bíi fọ́ọ̀wíìlì, ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀wíìlì ló wà lábẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló sì de táyà rẹ̀. Ẹni tó bá ní in kò ní gé ṣẹ́sì. Difẹrẹ́ńṣà iwájú, CV joint, họ́ọ̀bù tó ní eyín nínú, gíàbọ́ọ̀sì pẹ̀lú tíránsífà àti pùrọ̀pẹ́là ni yóò wá, bọ́ọ̀tù ni yóò sì fi so ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wàhálà tirẹ̀ ni wáyà. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà kò ní parí láìsí ẹni tó mọ iṣẹ́ rìwáyà dáadáa.

Tacoma yìí kan náà ló fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọkọ̀ tí wọ́n ń tú. Ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ ṣẹ́sì. Ti Tacoma burú débi pé ní 2008, Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn tó jáde láàárín 1995 sí 2000 padà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, ní ìlọ́po kan àbọ̀ iye tí ọkọ̀ náà tó. Lẹ́yìn náà, ẹjọ́ kan tó dé ilé ẹjọ́ parí sí àdéhùn tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là, fún nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ ọkọ̀. Fọ́ọ̀wíìlì àríwá wá wà tí ẹ́ńjìnnì, gíà àti difẹrẹ́ńṣà rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n tí ṣẹ́sì rẹ̀ ti jẹrà. Túùwíìlì sì wà ní Arizona àti California, níbi tí òjò kò ti pọ̀, tí ṣẹ́sì rẹ̀ gbẹ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Àwọn tó gbọ́n jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn tó ń so irú méjì yìí pọ̀.

Àwọn mìíràn máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n á gbé bọ́dì túùwíìlì wọn odindi lé orí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀wíìlì. Ní ti irin, ó rọrùn ju gígé lọ. Ní ti ìwé, ẹ ṣọ́ra. Nọ́ńbà ṣẹ́sì ló wà lára ìwé ọkọ̀, ní Amẹ́ríkà àti ní Nàìjíríà. Ọkọ̀ tí nọ́ńbà ṣẹ́sì rẹ̀ kò bá ìwé mu, ọkọ̀ olè ni lójú ọlọ́pàá, àlàyé bọ́dì àti ìsàlẹ̀ kò sì ní wọ̀ wọ́n létí lójú títì.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ní ilé wa kò ní ṣàìrí ohun èlò. Ládípọ̀ wà ní Mushin, Àrárọ̀mí wà ní Gáàtì n'Íbàdàn, ẹrù tòkúnbọ̀ sì ń gba Kútọnù wọlé. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Gíàbọ́ọ̀sì lè ti ara Hilux kan wá, áàsù láti ara òmíràn, pùrọ̀pẹ́là láti ara ọkọ̀ tí ẹni tó ń tà á kò rí rí. Oníṣòwò á ní ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti wá, ó sì lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe sọ fún òun náà nìyẹn. Kí ẹni tó bá lọ rà á mú mẹkáníìkì rẹ̀ dání, kí wọ́n sì ka eyín difẹrẹ́ńṣà níbẹ̀, níwájú ẹni tó ń tà á.

Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ wa nílò gan-an? Ẹrẹ̀ tó dá túùwíìlì dúró, difẹrẹ́ńṣà ẹ̀yìn ló sábà máa ń fà á. Ìṣe rẹ̀ ni pé táyà tó bá rọrùn láti yí ló máa ń yí. Bí ti ọ̀tún bá wà nínú ẹrẹ̀, tí ti òsì wà lórí ilẹ̀ líle, ti ọ̀tún nìkan lá máa yí, ti òsì á dúró gbagidi, bẹ́ẹ̀ òun ló lè fa ọkọ̀ jáde. Difẹrẹ́ńṣà tó ṣeé tì wà, tó ń mú kí táyà méjèèjì yí papọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́. ARB ti Ọsirélíà ń ta èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan ni mẹkáníìkì tó mọ difẹrẹ́ńṣà lè fi fi í sí i. Táyà tó ní eyín gidi, ẹrù díẹ̀ nínú bọ́dì ẹ̀yìn kí táyà lè tẹ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ táyà tí wọ́n dín kù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ ẹrẹ̀ tí wọ́n sì kún padà nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dà: túùwíìlì tó bá ní gbogbo èyí máa kọjá níbi tí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀wíìlì tí táyà rẹ̀ ti pá ò ti ní kọjá.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Ẹni tó bá ní PreRunner, tàbí tó ti ní odindi fọ́ọ̀wíìlì kan nílẹ̀ tí wọ́n fọ́ lẹ́yìn, tó mọ irin jó, tó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà fún ara rẹ̀, kó ṣe é. Á gbádùn rẹ̀, á sì mọ ọkọ̀ rẹ̀ ju ẹni tó ṣe é lọ. Ẹni tó rò pé òun máa fi pa owó mọ́, kó ta túùwíìlì, kó fi owó kún un, kó ra fọ́ọ̀wíìlì. Ẹni tí ẹrẹ̀ abúlé nìkan ń dà láàmú, kó ra difẹrẹ́ńṣà tó ṣeé tì àti táyà tó dáa. Ẹni tí píkọ́ọ̀pù yẹn nìkan sì ni ohun tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, tí kò ní òmíràn tí yóò máa wà títí iṣẹ́ á fi parí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi gíráíǹdà kan ṣẹ́sì rẹ̀.